Okun, Okùn, Òkun

Ní Kàbà, bí a bá pàdé lójú ọ̀nà oko,
okun la fi ń kí ara wa.
Okun o, ìwọ tó ru iṣu bọ̀ láti ẹ̀yìn àpáta.
Okun o, ìwọ tó sin òkú lánàá.
Mo ti gbọ́njú kí n tó mọ̀ pé àwọn kan wà
tí wọ́n ń tẹ orí ọ̀rọ̀ náà ba díẹ̀,
tí wọ́n á fi pe omi,
omi tí ojú kì í rí òdìkejì rẹ̀.
Bàbá mi kò rí i títí ó fi kú.
Èmi náà kò tíì rí i.

Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún ẹ̀gbọ́n mi,
tó gba yàrá kan ní Àdánkólò ní Lọ́kọ́jà,
ń ṣa ohun tí omíyalé gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà:
ìdérí ìgò, sálúbàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan,
àwọ̀n tó ti ya, ọ̀rá omi tútù
tí èrò ọkọ̀ ń jù láti ojú fèrèsé.
Ó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá wọn sórí páànù,
ó gé sálúbàtà wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń rẹ́ ilá.
Èmi ni mo ń dá a lu,
èmi ni mo ń fi okùn sin ín.

Ìyá ọkọ ìyàwó kan yọwọ́ lẹ́nu àpótí wa:
"Iyùn la wá rà.
Ṣé ààtàn lẹ fẹ́ so mọ́ ọmọ wa lọ́rùn?"
Ẹ̀gbọ́n mi rọra tún ìlẹ̀kẹ̀ náà tò.
"Màmá, iyùn yẹn ńkọ́, níbo ni wọ́n ti wà á?"

Nínú ẹgbẹ̀rún kan náírà,
irínwó ni ti oúnjẹ àti abẹ́rẹ́,
ọ̀ọ́dúnrún ni ti àwọn ọmọkùnrin
tó ta okùn dí ẹnu odò kékeré,
tí wọ́n ń kó pàǹtí tó bá há síbẹ̀.
Ọ̀ọ́dúnrún yòókù ń gba orí fóònù lọ sí Àkásà,
níbi tí Odò Ọya ti ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi òru ṣọ́ ẹyin ahun òkun.
Mo ní, kí ló kàn wá nínú ahun ẹlẹ́ni?
Ó ní, gbogbo ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa níhìn-ín,
òun la fi ránṣẹ́ sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Ndagí apẹja kò bá wa ṣàwàdà.
Ó la ikùn ẹja àrọ̀ lórí àwo wa,
ó fi ọmọ ìka yọ nǹkan kan,
pupa, róbótó, kò ju èso ata lọ.
Mo mọ̀ ọ́n. Ihò rẹ̀ wọ́.
Ọjọ́ tí mo lu ú, fóònù ni mò ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Rẹ̀mílẹ́kún ló ń jẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́.
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, abẹ́rẹ́ ń dípẹtà.

Nígbà tó dìde, okùn apẹja ló lọ rà,
èyí tí ẹja ńlá kò lè já.
Ìdí mẹ́ta ló ń ta báyìí, á fi iná jó ṣóńṣó rẹ̀,
á kọ ọ́ sára páálí pẹ̀lú bírò:
*Bó bá gbó, dá a padà. Má jù ú.*
Àwọn kan ti ń dá a padà. Wọn ò pọ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ inú ẹja wà lọ́rùn mi.
Mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́,
òórùn ẹja ṣì ń yọ bí oòrùn bá mú.
Lọ́jọ́ tí mo wálé kẹ́yìn,
obìnrin kan sọ igi kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà,
ó ní, "Okun o."
Mo fọwọ́ kan ọrùn mi, mo dáhùn.
N kò mọ èyí tí mo pè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.