Ògiri Ẹ̀yìn Ilé ní Òkè-Àdó

Inú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni ìdíje náà bẹ̀rẹ̀,
òjò àrọ̀kúrò ń rọ̀ lu páànù Òkè-Àdó
bí ẹni ń da èkùrọ́ sílẹ̀.
Bàámi mú èédú lábẹ́ ààrò,
ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ẹ̀yìn ilé: FÌKÁYỌ̀MÍ.
Ó ní, "Abẹ́ ibí ni a ó ti máa ka góòlù."

Àbúrò mi ni. Èmi ni aṣọ́lé tí ó kọ́kọ́ dojú kọ
ní pápá oníkankéré lẹ́yìn Adámásìngbà,
nígbà tí ó ṣì ń ju bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá
bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù.
Eékún mi já. Tirẹ̀ kò já.
Ó wọ bàálù lọ sí ìlú kan ní Húńgárì
tí orúkọ rẹ̀ parí bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín
tí kò rí i sín.

Ìdíje ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ní ilẹ̀ Yúróòpù:
ẹ gbá a nílé, ẹ tún lọ gbá a lẹ́yìn odi,
kí wọ́n wá ro góòlù ilé mọ́ ti àjò bí owó èsúsú.
Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàámi lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ó ní, "Ó yé mi. Gbèsè ọjọ́ kìíní ni ẹ ń san lọ́jọ́ kejì."
N kò ní àlàyé kankan mọ́.

Oṣù Bélú, ìlà mẹ́rìndínlógún.
Oṣù Ọ̀pẹ́, ọyẹ́ fẹ́ eruku bo ìlà,
Bàámi tún wọn fà.
Fìkáyọ̀mí fi àwòrán yìnyín ránṣẹ́,
ó ní oje igi tí àwọn fi ń pa ọwọ́ kí bọ́ọ̀lù má baà yọ̀
kì í tètè kúrò, ìka òun ń lẹ̀ mọ́ ṣíbí,
mọ́ irun, mọ́ fóònù tí òun fi ń pè wá.
Kò sọ fún wa, láti Ṣẹ́rẹ́ títí Èrèlé fi tán,
pé orí ìjókòó àwọn tí ń retí ẹni tó bá rẹ̀ ni òun wà.
Ògiri ló sọ ọ́. Kò sí ìlà.

Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ kejì, wọ́n ti jẹ gbèsè góòlù mẹ́ta.
Bí wọ́n ṣe fọn fèrè ni wọ́n mú iná lọ.
Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Rahamọ́n fọganáísà,
òun nìkan ló tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò.
Àwa mẹ́jọ rọ̀gbà yí fóònù kan ká,
afẹ́fẹ́ táyà ń sú, a kò gbọ́ ohùn kankan,
a kàn ń rí i: Fìkáyọ̀mí já wọlé láti igun òsì,
ó fò kọjá ìlà, ó wà lófurufú,
ibẹ̀ ni àwòrán dúró sí,
òbìrípo kékeré kan ń yí, ó ń yí.
Rahamọ́n ní, "Ṣé kò ní í sọ̀kalẹ̀ ni?"
Ìgbà tí yóò fi sọ̀kalẹ̀, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n,
ó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá,
ó ku góòlù kan kí gbèsè tán.

Kò tán.

Bàámi bi mí bóyá wọ́n borí. Mo ní wọ́n borí.
"Wọ́n borí, wọ́n sì tún já bọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó dákẹ́ títí ẹ̀fọn fi dé.
Ó fa ìlà márùn-ún ti alẹ́ ọjọ́ náà,
ọ̀kan wọ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Ó pè wá lóru. Kò sunkún.
Ó ní, "Eékún rẹ ńkọ́?"

Èbìbí ti wọ̀ báyìí, onílé fẹ́ kun ilé.
Akunlé gbé garawa ọ̀dà funfun dé,
ó ní, "Ta ló ń fi èédú ya rádaràda síbí?"
N kò dá a lóhùn.
Mo bọ́ sálúbàtà,
mo la ẹsẹ̀, mo na apá méjèèjì síwájú ògiri
bí Kóòṣì Àjíṣafẹ́ ti kọ́ wa,
mo tẹjú mọ́ ọwọ́ tí ó mú búrọ́ọ̀ṣì.
Ọwọ́ ni aṣọ́lé ń wò.
Ojú a máa tan ni.