Ìwé Abẹ́ Ibùsùn

Ìyá mi kọ ewì tó kọ́kọ́ kọ ní Göteborg
sẹ́yìn bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ agolo ẹja.
Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kó gé orí ẹja,
kó tò wọ́n bí ọmọ orí ẹní kan
láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí ọwọ́ yóò fi kú.
Nọ́ńbà méjìlélógún ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.
Alẹ́ ló ń di Helmi Raudvassar.

Ọkọ̀ apẹja ló gbé e sá kúrò ní Ẹstóníà lọ́dún ogun,
òun, àbúrò rẹ̀ Salme, àti àpò ìyẹ̀fun kan.
Òkun gba ìyẹ̀fun. Òkun gba Salme.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi rí.
Ojú ìwé kọkànlélógójì ni mo ti ka ìyókù,
nínú ọkọ̀ ojú irin,
ọkọ̀ sì gbé mi kọjá ibi tí mo ń lọ.

Igba ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀ nínú ìwé ewì náà.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta tà.
Ìyókù wọ abẹ́ ibùsùn mi; orí wọn ni mo sùn dàgbà.
(Ó dùn létí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé eruku wọn ń mú mi sín.)

Mo sì ń tijú rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.
Tó bá la ẹnu ní ṣọ́ọ̀bù, tí ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀,
ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì a yíjú sí mi
bí ẹni pé èmi ni ìyá.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.
Ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa látinú ńkọ́?
Lẹ́tà ilé ń dé pẹ̀lú fèrèsé lára,
níbi tí abẹ́ ti gé ọ̀rọ̀ jáde.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni kó tó fi èdè wọn kọ ìtàn.
Ìwé ìròyìn kan ní èdè rẹ̀ ń tiro.
Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì:
“Ẹni tó ń tiro, ṣé kò ń rìn ni?”
Ìwé náà tà. Wọ́n fún un ní àwo fàdákà.
Ológbò wa ló ń jẹun nínú rẹ̀.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, a jọ lọ.
Ó kéwì nílé ìkàwé kékeré kan ní Haapsalu.
Ọmọkùnrin kan nawọ́, ojú rẹ̀ ń tàn:
“Màmá, bí ìyá ìyá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.
Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.”
Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Lórí omi, nígbà tí à ń padà,
ó di irin ọkọ̀ mú, ó ní:
“Mo di owó mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Wọ́n ti yí owó padà.”

Ó ti lọ báyìí. Mẹ́rìndínlógóje ló kù lábẹ́ ibùsùn.
Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin yẹn
pé kó kà á sókè fún ìyá ìyá rẹ̀,
bó bá ṣì wà.