Ògbufọ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń jẹ̀rora,
kí n fi èdè òyìnbó wẹ̀ ẹ́, kí n gbé e síwájú adájọ́.
Ọdún kọkànlá rèé ní kóòtù gíga Oǹdó.
Mo ti túmọ̀ ìyàwó tó fẹ́ gba ọmọ,
mo ti túmọ̀ àbúrò tó ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n;
mo délé, mo jẹun, mo sùn.
Ti Akíndoyin, ọmọ sọ́míìlì, ló há mi lọ́fun.

Ojú ọ̀nà Lípàkálà ni. Àfàrà ló ń là, òjò ti ṣú,
ọ̀gá ní kí wọ́n yára kí ọkọ̀ Èkó tó dé.
Ìdérí ojú ayùn ti kán láti ìgbà Iléyá.
Ìka mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún,
wọ́n bá lẹ́búlẹ́bú igi lọ.
Ọ̀gá gbé àpò ìrẹsì kan wá sí ọsibítù,
ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Ó wọ àpótí ẹlẹ́rìí, ó ní:
"Ìka ni ẹ̀rọ gé, ìkà ni ọ̀gá ṣe."
Mo dúró.
Nínú èdè tí adájọ́ ń kọ sílẹ̀, méjèèjì ò bára tan.
Mo sọ ọ̀kan. Mo sọ èkejì.
Ohùn tó so wọ́n pọ̀ bọ́ sílẹ̀,
kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Lọ́yà ọ̀gá bi í: "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"
"Èyí tí kò sí mọ́ ló ń dùn mí jù.
Lóru, ìfábẹ̀lá a máa yún mi,
mo bá nawọ́ kí n họ ọ́,
atẹ́gùn ni mò ń họ."
Akọ̀wé ní kí n tún un sọ.

Ọdún mẹ́fà, adájọ́ mẹ́ta:
ọ̀kan kú, wọ́n gbé ọ̀kan lọ Ìkàrẹ́.
Lónìí ni ìdájọ́ jáde.
Àgbà ní ìka ò dọ́gba, òfin gbà bẹ́ẹ̀:
ìfábẹ̀lá gbówó lórí ju ọmọńdinrín lọ.
Mò ń ka owó náà sí i létí,
ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ ibi tí kálukú wọn wà tẹ́lẹ̀.

Adájọ́ ò tíì kó gíláàsì rẹ̀ tí lọ́yà ọ̀gá fi nàró:
wọ́n ń gbé e lọ Akúrẹ́, sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.
Ẹnu mi là láti túmọ̀; Akíndoyin ò dúró dè mí.
Ó ní, "Èmi náà, kò tẹ́ mi lọ́rùn."

Kò sẹ́ni tó ní kí n túmọ̀ ìyẹn.