Àbọ̀ Ọjọ́ Ìbí Aili

Ilé ìwé ṣì wà ní títì lọ́jọ́ tí mo bí Aili,
ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, agogo mẹ́ta ọ̀sán,
oòrùn ń dán lójú adágún Sùpíríọ̀ bí àwo idẹ.
Ọmọ tí a bí nígbà ìsinmi kì í rí ẹgbẹ́ bá a fẹ́ àbẹ́là.
Ìyẹn ni Míísì Tollefsen fi ṣe é lófin ní kíláàsì wọn:
kí ọmọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbé kéèkì tirẹ̀ wá
ní àbọ̀ ọjọ́ ìbí.

Aili já kàlẹ́ńdà lára ògiri ilé ìdáná,
ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń fi ìka ka oṣù:
Kẹsàn-án, Kẹwàá, Kọkànlá, Kejìlá,
Kìíní, Kejì. Ó pé mẹ́fà.
Ó wá ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n títí nínú oṣù Kejì.
Ó ṣí ìwé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.
"Màmá, wọ́n ti jí ọjọ́ mi."

Mo ní kò sẹ́ni tó jí nǹkan, bí oṣù yẹn ṣe kúrú nìyẹn.
Ó ní ta ló gbà fún un kó kúrú?
Mi ò mọ èsì. Ìbọ̀wọ́ mi ni mò ń wá,
iṣẹ́ òru ti ń pè mí.

Bàbá mi, Reino,
tó fi ọdún mọ́kàndínlógójì ka ẹrù òkúta irin
tí ọkọ̀ ojú irin ń kó lọ sí èbúté Dúlúùtù,
ki jígí bọjú, ó ní:
"Oṣù kì í ṣe òṣùwọ̀n.
Ẹ gbé ẹ̀wà wá, ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́."

Ẹ̀wà gbígbẹ, ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́rin.
Wọ́n pín in: méjìlélọ́gọ́sàn-án sí ọ̀tún,
méjìlélọ́gọ́sàn-án sí òsì,
ẹyọ kan jókòó láàárín, kò bá ẹnikẹ́ni lọ.
Aili gbé e sẹ́nu, ó fi eyín là á.
Àṣé ẹ̀wà ti ní ojú ibi tó ń gbà là tẹ́lẹ̀.
"Wákàtí méjìlá nìyẹn," ni bàbá mi wí.
Ọ̀sán ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, agogo mẹ́ta,
fi wákàtí méjìlá lé e.

Ìdajì bọ́ sí ìdájí.
Agogo mẹ́ta òru, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta,
nígbà tí ajá aládùúgbò pàápàá ti gbó tán.

"Ta ló máa ń wà lójúfò nígbà yẹn?"
Ojú ọmọ mi rẹ̀ wálẹ̀.
Bàbá mi ò fèsì. Ó kàn wò mí.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni;
ó dé inú mi, ó di odindi.

Míísì Tollefsen fún un ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.
Wọ́n jẹ kéèkì, wọ́n lá ìka, ó tán.

Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ tí à ń wí yìí,
yìnyín ń bọ́ bí ẹni ń gbọn àpò ìyẹ̀fun.
Mo wa ọkọ̀ akóyìnyín sọ̀ kalẹ̀ òpópónà wa,
mo gbé abẹ rẹ̀ sókè kó má baà ha títì.
Orí méjì wà lójú fèrèsé òkè,
ọ̀kan pá, ọ̀kan rí wúruwùru,
àbẹ́là tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ń jó láàárín wọn.
Mo tan iná ọkọ̀, mo pa á, lẹ́ẹ̀meje.
Ìkẹjọ, mo tàn án,
mi ò jẹ́ kó mọ́lẹ̀ tán kí n tó pa á.

Mo sọ abẹ kalẹ̀. Títì mìíràn ń dúró.

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, yìnyín lórí bàtà mi,
ó wà lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ìsùn, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀."
Mo ní, ìwọ náà, ọmọ ọdún méje,
kú àbọ̀.