Òǹtẹ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu òǹtẹ̀
ní ọ́fíìsì káńsù, Ìjẹ̀bú-Igbó,
lẹ́yìn tábìlì tí bíríkì jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹrin.
A TI GBÀ Á. Ọjọ́, oṣù, yíǹkì aláwọ̀ aró.

Bàbá Odùbọ̀tẹ̀ a máa wá lóṣooṣù,
fìlà lọ́wọ́ òsì, ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún,
ẹ̀dà méjì, ọ̀kan jẹ́ òjìji èkejì.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni: afárá ẹ̀yìn Àtìkòrì,
pákó tí ọkọ̀ gẹdú ti fọ́,
ibi tí ọmọ Ṣóyẹbọ̀ gbé já sódò
tòun ti báàgì ilé ìwé rẹ̀.
A rí báàgì.

Mo ní, “Bàbá, ẹ ò bá kúkú kọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀,
kí ẹ fi ‘ẹ jọ̀ọ́’ sí i.”
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ṣi ìṣirò.
“Ẹni tí mo gbà ṣe ọdẹ,
ṣé n ó máa bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣílẹ̀kùn ilé mi fún mi ni?
Ìbéèrè ni. Lù ú.”
Mo lù ú.

Ibi tí ìwé ń gbà lọ, ẹ má bi mí.
Ó dáa, ẹ ti bi mí:
kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́,
kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ìkòròdú.
Lójò, omi a wọ ọ́.
Lẹ́ẹ̀rùn, ìyá ẹlẹ́pà a bá wa dín in kù.
Mo ti jẹ ẹ̀pà nínú ìwé Bàbá Odùbọ̀tẹ̀ rí.
Mo dá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀.
Mo jẹ ẹ̀pà náà tán.

A pè wọ́n, wọn ò jẹ́;
bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ.
Ìka la fi yàn wọ́n.
Ẹ̀yin tí ẹ mọ àmì ohùn, ẹ bá mi parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé wa o.
Bó bá di owó ilẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù, owó pátákó,
ìwé tiwọn kì í ṣìnà,
àní pẹ̀lú orúkọ ìyá ìyá mi
tí kò sí alààyè tó tún ń pè é.

Ìyá àgbà yẹn ló sọ fún mi pé láyé Pàǹpá,
ẹni tí kò ní nǹkan kan a dìde, a ní, “Kò rí bẹ́ẹ̀,”
olóyè a sì wá ẹnu ìdáhùn.
N ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.
Àwọn àgbà a máa fi iyọ̀ sí àná.

Ìwé kẹtàdínláàádọ́rin ló gbé wá kẹ́yìn.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dáwó jọ, tí wọ́n ra sìmẹ́ǹtì.
Káńsù gbé pátákó wá, orúkọ alága gbọ̀n-ọ́n-gbọn,
wọ́n ya fọ́tò lórí afárá, wọ́n lọ.
Bàbá ti wà níbi tí a kì í ti í lu òǹtẹ̀.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì.
Oṣù kẹrìndínlógún rèé, owó ìfẹ̀yìntì ò dún.
Mo kọ ìwé. Ẹ̀dà méjì.
Ọmọdébìnrin kan ló wà lẹ́yìn tábìlì mi,
bíríkì yẹn ṣì ń gbé e ró.
Ó gbé òǹtẹ̀ sókè, kò tilẹ̀ wo ohun tó fẹ́ lù.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé.
“Kà á ná.”
“Màmá, wọ́n ní ká má máa kà á.”
“Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Kà á sókè.”

Ó wo ilẹ̀kùn alága. Ó wà ní títì.
“Sí Alága Káńsù,” ló bẹ̀rẹ̀, ohùn bí ẹ̀fọn,
ni ọkùnrin kan bá sún wá láti orí bẹ́ǹṣì,
ó fi ọwọ́ kọ́ etí:
“Ọmọ, gbé e sókè sí i.
N ò gbọ́.”