Eyín Nárókì

Ọdún tí eyín iwájú mi ká
ni ọkọ̀ ìjọba dé ẹ̀bá adágún Báríngò,
ó kó ọ̀jẹ̀lẹ́ igi wá nínú àpò ọ̀rá dúdú,
ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ìka àárín lọ.
Wọ́n ní aṣálẹ̀ ń bọ̀.
Wọ́n ní igi yìí ni yóò dá a dúró lọ́nà.
Nólárì, ìyá tó bí bàbá mi, gba mẹ́fà.
Omi tí a fi ṣan abọ́ ni ó fi ń rin wọ́n,
èmi ni mo ń gbé e, tí mo ń ka ewé wọn láràárọ̀
bí ẹni ń ka ọmọ ẹran.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, koríko kú tán,
matẹ́ńgé nìkan ló tutù yọ̀yọ̀.
Ó so èso gígùn, pupa rẹ́súrẹ́sú, adùn bí oyin.
Àwa ọmọdé ń fà á mu.
Àwọn ewúrẹ́ jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lálẹ́,
ibi tí wọ́n bá sì yàgbẹ́ sí, igi á hù níbẹ̀.
A tilẹ̀ dúpẹ́.

N kò lè sọ ọjọ́ tó di igbó.
Kò sí ẹni tó rí i níbi tó ti ń rìn.
A kàn jí lọ́jọ́ kan, a kò rí ọ̀nà odò mọ́.
Pápá ìjẹko Létáńgúlè di kìkì ẹ̀gún,
ẹ̀gún tí ń gún bàtà táyà ní àgúnyọ;
ó gún òun náà, ẹsẹ̀ wú,
ọsibítù Márígàtì ni ẹsẹ̀ ọ̀hún wà títí dòní,
òun nìkan ló padà wálé.

Lẹ́yìn òjò, koríko tuntun yọ díẹ̀.
Nárókì, ewúrẹ́ dúdú tó ti bí ọmọ mọ́kànlá,
fi ètè kàn án, ó fi í sílẹ̀.
Nólárì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan àlàfo ẹnu tirẹ̀,
níbi tí wọ́n ti yọ eyín ìsàlẹ̀ méjì nígbà èwe rẹ̀
gẹ́gẹ́ bí àṣà wa.
Ó ní, "Èmi, mo mọ ẹni tó yọ tèmi."

Eyín tèmi ti hù padà.

Ọkọ̀ ìjọba tún dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ló kó wá,
wọ́n mú ìwé dání,
wọ́n béèrè ẹni tó gbin igi burúkú yìí.
A wo ara wa.
Létáńgúlè fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí ìyá àgbà ń gé e, ó ń sun ún ní èédú.
Àpò mẹ́rin, ìwé àbúrò mi dé.
Kùkùté tó gé lọ́jọ́ Ajé
ti rúwé kí ọjọ́ ìsinmi tó pé.
"Ọ̀tá tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ," ni ó wí,
"ibo ni èèyàn ti ń mú un lù?"

Ó dá ọ̀kan sí lẹ́yìn ilé ìdáná,
ọ̀kan nínú mẹ́fà àkọ́kọ́.
Àdá kì í dé ibẹ̀. N kò béèrè ìdí.
Lọ́sàn-án, Nárókì á lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀,
á máa jẹ ẹnu òfìfo,
èmi náà á lọ jókòó tì í.
Ibòòji ibẹ̀ tutù.
N kò ní í parọ́.