Ogún ni Ẹnu Ibodè

Ní Oulu, oṣù kejì, òkun ti dì gbagidi,
àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lórí omi lọ síbi iṣẹ́.
Aago méje àárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́,
mo ti wọ ìbọ̀wọ́, mo ti ń pa ẹran ara láró.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ má pè mí ní dókítà.
Wọ́n á gé bíńtín lára ọyàn obìnrin kan,
èmi á rẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ,
máa tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, máa rì í sínú aró:
sẹ́ẹ̀lì tó jókòó jẹ́ẹ́ á di búlúù,
èyí tó ń kánjú bí sí i á di àwọ̀ kọfí.
Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà wá kà á.

Helvi Karppanen ló ń kà á.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí àga kan náà.
Kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń kà. Ètè rẹ̀ ló ń mì,
bí ẹni tó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Nígbà tó yá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé.
Kì í mu kọfí, ẹ̀yìn kì í dùn ún,
ó ti ka ẹgbàárùn-ún sẹ́ẹ̀lì
kí Helvi tó nu awò ojú rẹ̀ tán.

Igba gíláàsì ni wọ́n fi dán àwọn méjèèjì wò.
Ẹnu wọ́n kò lórí ọ̀pọ̀.
Níbi kan, ẹ̀rọ ka eruku mọ́ àrùn;
Helvi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Níbòmíràn, Helvi ló fo igun kan, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Kò rẹ́rìn-ín ìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

Ó ku gíláàsì kẹtàdínláàádọ́sàn-án.
Helvi ní mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún.
Ẹ̀rọ ní mẹ́rìnlélógún.
Níbi tiwa, ogún ni ẹnu ibodè:
ẹni tí kò dé ibẹ̀, oògùn oníhóró ni yóò máa lò nílé;
ẹni tó kọjá rẹ̀, omi oògùn inú iṣan,
èébì, irun orí á sì re.

Ọ̀gá Rautio tó ra ẹ̀rọ ní, "Ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú."
Helvi ní, "Ẹni tí kò lójú,
kí ni yóò fi ṣojúsàájú?"
Wọ́n fà á títí ó fi dọ̀sán.

Kò sẹ́ni tó bi aláró.
Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rántí àárọ̀ Ọjọ́rú:
wọ́n pè mí láti ilé ìwé, ara ọmọ mi gbóná,
kí n tó padà, aago ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá,
àwọ̀ kọfí ti mu jù.
Mo wò ó. Mo ní, "Á dáa."

Á dáa!
Ẹ̀rọ ka ohun tí mo kùn bó ṣe rí.
Helvi rí i pé ó dúdú jù, ó fọkàn yọ díẹ̀ kúrò,
kò mọ̀ pé òun ń yọ ọ́.
Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó purọ́.
Irọ́ ti wà nínú aró kí wọ́n tó dé.

Mo wọlé, mo jẹ́wọ́. Ara mi gbóná ju tọmọ mi lọ.
Rautio ń wo bàtà rẹ̀.
Helvi dìde lórí àga: "Ṣé ẹran ṣì kù nínú ìda?"
Ó kù.

Mo tún un rẹ́. Mo jókòó ti aago
bí ẹni tó ń ṣọ́ mílíìkì lórí iná.
Helvi kà á. Ẹ̀rọ kà á.
Mọ́kàndínlógún.
Mọ́kànlélógún.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bínú.
Helvi kọ iye méjèèjì sínú lẹ́tà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
ó wá pe dókítà tó ń tọ́jú obìnrin náà:
"Jókòó tì í. Má kánjú."

Èmi ò mọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ni mo mọ̀.
Nírọ̀lẹ́, mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé lórí yìnyín,
gbogbo obìnrin tó bá mi pàdé ló dé fìlà onírun àgùntàn,
mo sì ń wo etí fìlà wọn,
níbi tí irun ti yọ díẹ̀.